Ta Ló Pa Sítóòfù Ọkùnrin Inú Ìwé Yìí?

Ìwé ìtàn ìfẹ́ tí ọmọ mi obìnrin gbàgbé sí pálọ̀ wa ní Ketu ti bí mi nínú lónìí.

Nínú ìtàn náà, ìyàwó ọkùnrin kan kú. Ó gbé omi tíì kaná, ló bá ṣàdédé bá ara rẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti jẹ́ ọmọge. Ìranù! Kò sẹ́ni tó bi í pé ọmọ ta ni. Òun náà ò tiẹ̀ rántí sítóòfù tó ń jó nílé!

Ṣùgbọ́n nígbà tó kù díẹ̀ kó padà sí ayé tirẹ̀, tí kò lè sọ fún ọmọge náà pé yóò kú, ó kàn jókòó, ó ń bá a ṣa ẹ̀wà. Omi bọ́ lójú mi.

Ìyàwó mi jáde pẹ̀lú báàgì ọjà.

"Daddy, ẹ̀ ń sunkún?"

"Ìwé yìí ò dáa rárá."

"Ẹ yáa gbé e jù sílẹ̀."

"Níbo lò ń lọ?"

"Mile 12. Tòmátì ti tán."

"Dúró dè mí."

"Ẹ̀yin? Ọjà? Ṣé kò sí o?"

Mo gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, mo tẹ̀ lé e lọ, mo tẹ̀ lé e bọ̀.

Mo ti wá kà á tán báyìí. Ìwé ráúràu! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kà á, ẹ jọ̀ọ́, ta ló pa sítóòfù yẹn?