Ọwọ́ Òsì Lórí Ọ̀sà Èkó

Àbígbẹ̀yìn wa obìnrin ló ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi fún wa. Ó ní ẹ̀bùn ìfẹ̀yìntì mi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí mo ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Mo kọ́ àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀ ní ìtàn Èkó títí irun mi fi funfun. Ọ̀pá ni mo máa ń fi tọ́ka sí àwòrán ilẹ̀ tó wà lára ògiri kíláàsì: Ìsàlẹ̀ Èkó nìyí, Marínà nìyí, Ìddó nìyí. Ṣùgbọ́n n kò wo ìlú náà láti ojú omi rí. Orí afárá ni mo máa ń gbà kọjá bíi ti gbogbo èrò, ojú mi á sì wà lára báàgì mi. Inú mi dùn sí ẹ̀bùn náà gan-an.

Síbẹ̀, mo mọ̀ pé torí bàbá rẹ̀ ló ṣe rà á.

Ẹ̀gbà ló mú ọkọ mi ní apá ọ̀tún. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ẹsẹ̀ rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ padà, kódà àwàdà rẹ̀ padà. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni kò padà. Ó rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí apá ẹ̀wù tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe Yorùbá lè béèrè pé kí ló burú ńbẹ̀, ṣebí òsì ṣì wà. Àwa tí wọ́n ti gbá lọ́wọ́ òsì ní kékeré la mọ̀. Ọwọ́ òsì kì í kí àgbà, kì í gba nǹkan lọ́wọ́ àlejò, kì í sì í wọ inú àwo oúnjẹ. Ọ̀kan nínú àwọn ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún ọmọ tuntun ní kíláàsì ni pé, “Fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á.”

Ọkọ mi, tó fi ọwọ́ ọ̀tún yẹn wa ẹ̀rọ agbẹ́rù ní èbúté Àpápá títí ó fi fẹ̀yìn tì, wá sé ara rẹ̀ mọ́lé. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn wa ní Olódì-Àpápá, á ní kí n sọ pé òun ń sùn. Kò jẹ́ jẹun àfi tí mo bá fa kọ́tìnì. Ní ọjọ́ Jímọ̀, inú yàrá ló ti ń kírun.

Èyí ì bá mọ sáàárín àwa méjèèjì, bí kì í bá ṣe ti yìgì ọmọ wa kan náà yìí tó ń bọ̀. Onígbàgbọ́ ni èmi, ṣùgbọ́n mo ti jókòó níbi yìgì tó pọ̀ tó láti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní mọ́ṣáláṣí tiwọn. Bàbá ìyàwó ni yóò jókòó níwájú Lèmọ́mù, yóò di ọwọ́ ọkọ ìyàwó mú, yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fi ọmọ òun fún un. Ọkọ mi ní kí àbúrò òun ọkùnrin jókòó dípò òun.

“N kò ní í fi ọwọ́ òsì fa ọmọ mi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lójú àwọn àna,” ó wí. “Ó parí.”

Lèmọ́mù wá bá a sọ̀rọ̀ nílé. Ó ní Ọlọ́run kì í béèrè ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹrú Rẹ̀. Ọkọ mi ní òótọ́ ni, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tún ní kí àbúrò òun jókòó. Ẹ jẹ́ kí ó yé wa dáadáa: kì í ṣe àìmọ̀ ló ń dà á láàmú. Ojú ayé ni, ojú ayé kì í sì í gbọ́ wàásù. Ọmọ náà kò sunkún níwájú bàbá rẹ̀. Ilé ìdáná ló ti wá bá mi, ó ń bá mi ṣa ẹ̀wà, ó ní, “Mọ́mì, tí kì í bá ṣe Dádì ló fà mí lé e lọ́wọ́, á máa dà bíi pé wọn ò tíì fi mí fún ẹnikẹ́ni.”

Nígbà tí ó mú tíkẹ́ẹ̀tì náà wá, ìbéèrè kan ṣoṣo ni bàbá rẹ̀ bi í.

“Ta ni yóò wà ńbẹ̀?”

“Kò sí ẹni tó mọ̀ wá, Dádì.”

Ó wò mí. “Nítorí Tíṣà ni mo ṣe ń lọ o.” Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn láti ìgbà tí mo ti jẹ́ wúńdíá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, a gba Liverpool Road láàárín àwọn tírélà, a sì dé jẹ́tì. Ọkọ mi wọ jalábíà gígùn, ó ti ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò rẹ̀ láti ilé. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé orí odò ni irú ọkọ̀ yìí ń rìn. Ọ̀sà ni, kì í ṣe odò. Omi òkun àti omi odò ló pàdé níbẹ̀. Ọkọ̀ náà kò tóbi, wọ́n ta ìbòrí sí i lórí, bẹ́ńṣì sì wà lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n fi jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì wọ̀ wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mi ló bá bàbá rẹ̀ de okùn tirẹ̀.

Ọkùnrin gìrìpá kan tó jẹ́ ará Ìlàjẹ ló ń fa èrò wọlé. Ó fi ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di òpó jẹ́tì mú kí ọkọ̀ má baà sún, ó wá ń na ọwọ́ òsì sí ẹni tó bá kàn. Màmá kan tó ró ìró léṣì, tó dàgbà jù mí lọ díẹ̀, ló wà níwájú wa. Ó wo ọwọ́ náà, ó sì fa tirẹ̀ sẹ́yìn.

“Ìwọ ọkùnrin yìí, ọwọ́ òsì lo nà sí mi?”

“Mama, abeg, ọ̀tún ló di ọkọ̀ mú. Ṣé kí n jù ú sílẹ̀ kí ẹ bọ́ sómi?”

“Ó tì o! Dì í mú! Dì í mú dáadáa!” Ó gbá ọwọ́ òsì náà mú ṣinṣin, ó sì bọ́ sínú ọkọ̀, gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín.

Ó kan ọkọ mi. Ó dúró létí pákó. Ọmọ mi di ìka mi mú lẹ́yìn rẹ̀.

“Baba, bring hand,” ni ọkùnrin náà wí. Kò wo ojú rẹ̀, ìgbì omi ló ń wò. Ọkọ mi na òsì. Òsì bá òsì, wọ́n dì mọ́ra dáadáa, ó sì bọ́ sínú ọkọ̀.

Màmá náà ti lọ jókòó sí iwájú pátápátá.

“Mama, ẹ̀yìn ló dáa fún àgbà,” ni ọkùnrin náà wí. “Iwájú ni omi ti ń na ènìyàn.”

“Ta ló bí ẹ tí o fi ń lé mi lọ sẹ́yìn? Níbo lo ti rí i tí àgbà jókòó sẹ́yìn ọmọdé?”

Èmi náà fẹ́ kí ọkọ mi lọ síwájú, kí wọ́n má baà fi ọ̀wọ̀ rẹ̀ dù ú. Ó ní, “Tíṣà, ẹ̀yìn ni mo fẹ́.” Igun ni, kò sí ẹni tí yóò máa wò ó níbẹ̀. A jókòó.

Bí awakọ̀ ṣe tanná sí ẹ́ńjìnnì tí a jáde sí gbangba omi báyìí, ìgbì àkọ́kọ́ gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ó jù ú lulẹ̀ gbì, ìkejì sì da omi bo màmá wa láti orí dé àyà. Ó fi ọwọ́ àti orúnkún rìn padà wá bá wa, gèlè rẹ̀ ti rọ̀ bí ewé tí wọ́n bọ̀.

“Àlájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún fún mi. Omi Èkó ò mọ àgbà.”

Ọkọ mi sún. Mo rí i tí ètè rẹ̀ mì, ó ń pa ẹ̀rín mọ́nú.

N kò lè sọ gbogbo ohun tí mo rí. Àwọn ọkọ̀ òkun ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bí ilé alájà púpọ̀, ìpẹtà sì ti jẹ wọ́n nísàlẹ̀ níbi tí ẹni tó wà lórí ilẹ̀ kò lè rí. Ọkọ mi yí ọrùn tẹ̀lé àwọn ẹ̀rọ agbẹ́rù títí wọ́n fi kéré lẹ́yìn wa. Lẹ́yìn náà ni Marínà yọ: àwọn ilé gogoro oníjígí, àti láàárín wọn, ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan tó dúró bí arúgbó tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti ga jù. Mo ti fi ọ̀pá tọ́ka sí etí omi yìí fún àwọn ọmọ tó pọ̀ tí wọ́n ti di bàbá àti ìyá báyìí. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi lójú. Mo dúpẹ́ nínú ọkàn mi pé mo gbé ayé débi tí mo fi rí i.

Ọmọbìnrin tó ń júwe ìlú fún wa gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu. Ó gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkánjú pọ̀ fún un. Bí a ṣe gba abẹ́ Afárá Èkó, ó ní òun ni afárá tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe wọ erékùṣù.

“Ọmọ mi, o ṣeun,” ni mo wí. “Carter tó wà níwájú yẹn ló ṣáájú. Àbúrò ni èyí.”

“Ah, Mummy, ẹ má bínú o.”

“N kò bínú. Ó kù díẹ̀ kó o gbà á.”

Ọkọ mi mi orí. “Tíṣà ti wọ kíláàsì.”

Nígbà tí a sún mọ́ Èbúté Èrò, awakọ̀ dín eré ẹ́ńjìnnì kù díẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ọlọ́pọ́n so mọ́ etí omi, èéfín ẹja sì ń ti òkè bọ̀. Ọmọbìnrin náà ní, “Gbogbo apá ibí yìí, ọjà nìkan ni látijọ́. Kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀.”

“Irọ́ ni.”

Ọkọ mi ló sọ̀rọ̀. Gbogbo ọkọ̀ yíjú sẹ́yìn. Ó ti dìde díẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, ó sì na ọwọ́ òsì rẹ̀ jáde lábẹ́ ìbòrí.

“Ṣé ẹ rí ṣóńṣó mọ́ṣáláṣí yẹn? Òrùlé tó pọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilé bàbá mi nìyẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí mi.”

“Háà, Àlájì!” Màmá náà pàtẹ́wọ́. “A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni!”

Òwe wa ni, kò purọ́. Ìyá mi ti fi pa mí lẹ́nu mọ́ rí. Ọmọ mi ti la ẹnu láti ṣàlàyé, mo tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkọ mi wo ọwọ́ náà tó ṣì wà lókè lójú gbogbo ènìyàn. Mo rò pé yóò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, yóò jókòó, a kò sì ní í gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ títí a ó fi délé.

Kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

“Màmá, ọ̀tún ti fẹ̀yìn tì, bíi ti èmi àti Tíṣà yìí. Ṣùgbọ́n bàbá tó kọ́ ilé yẹn, òun ló bí ọwọ́ méjèèjì.”

Màmá náà wo àpò jalábíà, ó wo ojú rẹ̀, ó yé e. “Ẹ forí jì mí, n kò mọ̀.” Ẹ̀rín wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. “Ó bí méjèèjì! Ẹ gbọ́ ọ! Kò bí ọ̀kan kó ra ìkejì lọ́jà!” Ọkọ̀ hó fún ẹ̀rín. Ọmọbìnrin tó ń júwe ìlú náà rẹ́rìn-ín, ó gbàgbé pé gbohùngbohùn wà lẹ́nu òun.

“Ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí wo lẹ ní?” ni màmá náà tún bi í. “Níbi tí kànga wà?”

“Ẹ̀yìn kànga gan-an.”

“Kànga yẹn la ti ń pọnmi! Ẹ̀yin ọmọ ilé yẹn lẹ máa ń ju òkúta sí wa ní korobá!”

“Kì í ṣe èmi. Àbúrò mi ni.”

“Gbogbo yín lẹ ń sọ bẹ́ẹ̀.”

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀, tí èmi ìyàwó ilé di àlejò láàárín wọn. Màmá náà tú ọ̀rá mọ́sà tó gbé wá láti ilé. Ọ̀tún rẹ̀ di irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, kò lè fi í sílẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ohun tí ojú rẹ̀ rí níwájú, nítorí náà òsì ló fi nà án sí ọkọ mi. Òsì ni ọkọ mi fi gbà á. Ó jẹ ẹ́, ó tún mú òmíràn, epo ń dán ní ìka rẹ̀, kò sì sí kọ́tìnì kankan lójú ọ̀sà. Ọmọ mi yí ojú sí omi, ó ń wo ibi tí kò sí nǹkan kan.

Ọ̀nà ilé la ti wà, Marínà ti kọjá, nígbà tí bàbá rẹ̀ pè é.

“Ọkọ rẹ yẹn, ṣé ọwọ́ òsì rẹ̀ lágbára?”

“Dádì, kí ló dé?”

“Kó máa fi í dánra wò. Òsì la ó fi bọ ara wa lọ́wọ́ níwájú Lèmọ́mù.”

Bí a ṣe sọ̀ sórí jẹ́tì, ọkọ mi ní kí n bá òun pe àbúrò òun lórí fóònù, kí n gbé e sí òun létí.

“Ṣé o ti rán aṣọ yìgì?… Ó dáa. Máa wọ̀ ọ́ bọ̀. Ẹ̀yìn mi ni wàá jókòó sí o.”

Nígbà náà ni ọmọ wa kúnlẹ̀ sórí pákó tó rin fún omi, láàárín ọ̀nà, pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn lọ́rùn rẹ̀. Bàbá rẹ̀ gbé òsì lé e lórí, ó ń ṣàdúrà fún un lóhùn rara. Àwọn èrò tó kù kò lè sọ̀ kalẹ̀.

“Aunty, ẹ jẹ́ ká kọjá nau!” ni ẹnì kan kígbe láti inú ọkọ̀.

“Ẹ fi wọ́n sílẹ̀,” ni màmá náà dá a lóhùn. “Ẹ ṣe àmín, kí ẹ sì dúró.”

Wọ́n ṣe àmín. Èmi náà ṣe é.