Ìkanra Tí Mo Ń Sìn

Èèpo ẹ̀gẹ́ ló fà á. Láti ìgbà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti jẹ́ ìyàwó tuntun ní Ìgbó-Ọrà la ti jọ ń jókòó bẹ ẹ̀gẹ́ lábẹ́ àtíbàbà kan náà. Bó bá ti bẹ ọ̀kan, orí ẹsẹ̀ mi ni yóò da èèpo rẹ̀ sí. Ní ìrọ̀lẹ́, màá kó o lọ sílé fún ewúrẹ́ mi, ṣùgbọ́n inú á ṣì máa bí mi. Lọ́jọ́ kan, mo bi í bóyá ẹsẹ̀ mi ti di ààtàn. Àwọn obìnrin tó kù lábẹ́ àtíbàbà rẹ́rìn-ín, òun kò rín. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ọ̀bẹ àti àpótí rẹ̀ lọ sí àtíbàbà òdìkejì ọ̀nà.

Ẹ wò ó, iṣẹ́ kò dùn mọ́ mi mọ́. Ta ló tún mọ ìtàn mi bíi tirẹ̀, débi tí yóò fi gbà á lẹ́nu mi parí?

Ìyàwó ọmọ mi, tó jẹ́ tíṣà ní Ìdèrè, ló gbọ́ tí mò ń ráhùn. Ó ní òyìnbó ní orúkọ fún irú ẹ̀: “pet peeve”. Mo ní kó rọra túmọ̀ rẹ̀. Ó ní “pet” ni ẹran tí èèyàn ń sìn, tó ń kẹ́. “Peeve” ni ohun kékeré tó ń bíni nínú. “Peevish”, ìyẹn oníkanra, ni wọ́n kọ́kọ́ ní, kí wọ́n tó gé ìrù rẹ̀ kúrò. Mo bi í níbo ni “peevish” fúnra rẹ̀ ti wá. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ̀ dájú.

Mo rẹ́rìn-ín títí. Ìkanra tí ẹnikẹ́ni ò mọ ilé bàbá rẹ̀, òun ni mo so mọ́lẹ̀ tí mò ń bọ́, tó sì ti sanra.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo sọdá lọ bá ọ̀rẹ́ mi, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un látìbẹ̀rẹ̀. Kò gbójú sókè. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, “Ìyá Ìbejì, kí ni ewúrẹ́ rẹ ń jẹ láti ọjọ́ yìí?”

Mo ní ó ń jẹ ohun tó bá rí.

“Ìwọ lo bẹ̀ mí nígbà náà lọ́hùn-ún pé kí n máa da èèpo sọ́dọ̀ rẹ nítorí ewúrẹ́. O ò sì sọ fún mi pé ó tó.”

Mo ti gbàgbé pátápátá. Èmi fúnra mi ni mo bá a gbé àpótí rẹ̀ sọdá padà. Èèpo àkọ́kọ́ balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan, ó sì gbà á lẹ́nu mi.