Ìrẹsì Tó Bá Wa Lẹ́nu Ààwẹ̀

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ ńlá kan láti Ìsẹ́yìn yọ̀ǹda ara wọn wá fún àwa ọ̀dọ́ lóúnjẹ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé wa ní Òtu.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n dé. Wọ́n bu ìrẹsì àti adìẹ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dìde. Ọ̀gá wọn obìnrin bi mí pé ṣé a kì í jẹ adìẹ ni.

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹnu ààwẹ̀ la wà."

Ó wo ìrẹsì, ó wo oòrùn. Ó ní, "A ó dúró dè yín."

Wọ́n dá ìrẹsì padà sínú kúlà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan àwọn bẹ́ǹṣì wa tó ti dá. Ọ̀kan nínú wọn yọ omi jáde, ó rí i pé à ń wo òun, ó dá a padà sápò.

Nígbà tí oòrùn wọ̀ tí ládàánì sì pe ìrun, àwọn àlejò ló kọ́kọ́ débi ìrẹsì.

Ọ̀gá ilé ìwé wa, Alájì, ní làádá wọn pọ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Obìnrin náà béèrè bóyá làádá ààwẹ̀ ìdajì ọjọ́ tí àwọn gbà wà níbẹ̀.

 Alájì ní bí àwọn ọmọdé wa ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.