Láfún Lórí Pápá Bàbá Mi

Dókítà tó wo orúnkún ọmọ mi ní Òṣogbo kò pariwo. Ó ní, "Mọ́mì, bí orúnkún yìí bá tún yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ gbàgbé bọ́ọ̀lù. Kódà, ẹ gbàgbé eré sísá." Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọmọbìnrin mi. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ní Ìfọ́n ló ti kọ́ bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ náà ló ṣì ti ń gbá a. Láti ilé wa ní Ìlobù, ọ̀kadà kì í lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Bàbá mi ló kọ́kọ́ gbá a nínú ẹbí wa. Ní Kùmásì, kí wọ́n tó lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Gánà lọ́dún 1969, ilé iṣẹ́ kan tó ń la pákó gba bàbá mi síṣẹ́ nítorí gíga wọn. Akọ̀wé ni ilé iṣẹ́ náà pè wọ́n nínú ìwé, ṣùgbọ́n torí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá fún ilé iṣẹ́ náà ni wọ́n ṣe ń gbowó. Bàbá mi máa ń sọ pé láàárín ọdún méje, lẹ́tà mọ́kànlá péré làwọn kọ.

Nígbà tí wọ́n dé Ìfọ́n, kò sẹ́ni tó mọ eré náà. Àwọn ọkùnrin àdúgbò bi wọ́n léèrè pé ṣé àgbà tó ń ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀ tí kò nídìí kò mọ̀ pé yóò jábọ́ ni. Bàbá mi ra sìmẹ́ńtì fúnra wọn láti fi ṣe pápá bọ́ọ̀lù náà, àwọn obìnrin àdúgbò ru yanrìn àti omi. Kò sówó tí wọ́n lè fún àwọn obìnrin náà, ni wọ́n bá jọ ṣàdéhùn. Láti òwúrọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àwọn obìnrin lè sá láfún sórí sìmẹ́ńtì náà. Lẹ́yìn aago mẹ́rin, ó di ti bọ́ọ̀lù. Bí bàbá mi bá ti fọn fèrè, wọn a kó láfún wọn, àwa ọmọ a fi omi fọ ilẹ̀, kó tó di aago márùn-ún ilẹ̀ ti gbẹ. Ó lé ní ogójì ọdún tí bàbá mi fi ṣe kóòṣì níbẹ̀. Mi ò rántí ẹnì kan tó yọ̀ ṣubú.

Ọdún kẹta rèé tí ẹsẹ̀ ríro kò jẹ́ kí bàbá mi lè jáde mọ́. Fèrè kò dún, láfún sì ń wà nílẹ̀ di alẹ́. Nígbà òjò, ọ̀rá ni àwọn obìnrin náà ń fi bò ó mọ́lẹ̀. Ìyẹ̀fun tó bá kù nílẹ̀, bí omi díẹ̀ bá kàn án, ó ń yọ̀ ju ilá lọ. Orí rẹ̀ ni ọmọ mi balẹ̀ sí nígbà tó fò, tí orúnkún òsì rẹ̀ yẹ̀.

Mo lọ bá ìyá àgbà tó ni láfún ọjọ́ náà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, lẹ́yìn náà mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sá nǹkan kan síbẹ̀ mọ́. Wọ́n ń yí láfún wọn lọ, wọn ò wò mí.

"Ọmọ Kóòṣì, ṣé bọ́ọ̀lù la ó wá ro lálẹ́ òní?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ní ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọmọ kì í ṣe ẹ̀rín. Ìyá náà wá gbójú sókè.

"Kí ni ìyá rẹ tà tó fi rán ọ níléèwé? Àbí orí òrùlé ló ń sá láfún tiẹ̀ sí?"

Igun pápá náà tó kọjú sí ilé bàbá mi ni ìyá mi máa ń sá láfún tiwọn sí.

Pẹ̀lú ìbínú ni mo wọlé bá bàbá mi. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi wáyà yí pápá náà ká, kí n tì í pa. Wọ́n kọ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé láfún ju ọmọ-ọmọ wọn lọ ni.

"Mo ti ṣèlérí fún wọn kí a tó bí ọ," ni wọ́n wí. "Fọn fèrè."

Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn, kò sì tíì tẹ́ mi lọ́rùn di òní. Síbẹ̀, láti ìgbà náà, mò ń wá láti Ìlobù lójoojúmọ́ wá fọn ọ́n. Àwọn kan ń kó tiwọn. Àwọn kan ń ṣe bí ẹni pé ẹyẹ ló ké. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọjọ́ méjì péré ni gbogbo ilẹ̀ mọ́. Ọmọ mi ṣì ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń ka ọjọ́ tí dókítà dá fún un kó tó lè padà sórí pápá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sá láfún síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá gbọ́ fèrè ní aago mẹ́rin, ẹ kó o kúrò, kí ẹ sì fi omi fọ ibi tó wà. Bí láfún náà kò bá tíì gbẹ, tàbí tí òjò bá ṣú, ẹ gbé e wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá mi. Mo ti gbá ibẹ̀ sílẹ̀ dè yín.