Àwòrán Ohùn Òjò

Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn wáyà tó gbóná, yàrá abẹ́ ilé wa ní Mitchellville, lókè òkun, lọkàn mi máa ń lọ. Èmi ni mo so wáyà ẹ̀rọ orin bọ̀dá mi, irú èyí tó jẹ́ pé bí a bá ṣe so wáyà rẹ̀ ló ṣe máa dún, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó fi dún bí òjò lórí mọ́tò. Ó ní kí n ya bí mo ṣe so ó: àpótí fún ohun tó ń dún, ọfà fún ọ̀nà tí ohùn ń gbà, kí ẹni tó ní irú ẹ̀rọ mìíràn lè ṣe é. Ó gbé àwòrán náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

"Bọ̀dá mi, ṣé ẹ kọ orúkọ mi sí i?"

"Mo kọ ọ́."

Àwọn èèyàn ń kọ̀wé kí i pé ó káre, ó ń kà á sókè, mo ń pàtẹ́wọ́, mo rò pé àwa méjèèjì ni wọ́n ń kí. Mo ti di ìyá ọmọ kí n tó rí ohun tó kọ sábẹ́ àwòrán náà: òun nìkan ló ṣe é, kò sẹ́lòmíràn nílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà.