Ìràwọ̀ Orí Òrùlé Bàbá Èṣùbíyì

Ojo ni mí, mi ò fi pamọ́. Ẹ̀gbọ́n mi Abdulwahab ni ò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀rù, ìyẹn ló sì fẹ́ẹ̀ pa á.

Tíṣà jọ́gíráfì ni. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ìyá wa fi sílẹ̀ ní Ìlódè la jọ ń gbé. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra mọ́tò, awò gígùn tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ lòun rà, ó gbé e sí etí dẹ́kìn òkè ilé, ó lóun fẹ́ fi ya fọ́tò ojú ọ̀run. Ayé ń yí, ìràwọ̀ sì ń sá kúrò lójú awò. Àfi kó kọ́kọ́ dojú ìdí awò náà kọ ìràwọ̀ àríwá tí kì í ṣípò, kí ẹ́ńjìnnì kékeré inú rẹ̀ tó lè máa yí i tẹ̀lé àwọn yòókù.

Nílùú òyìnbó, ìràwọ̀ yìí ga. Ní Ifẹ̀, díẹ̀ báyìí ló fi ga ju òrùlé lọ. Òrùlé tó wà ní àríwá wa sì ni ti Bàbá Èṣùbíyì, tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé lọ́nà oko lọ́dún tó kọjá. Ọmọ náà padà wálé, ṣùgbọ́n Bàbá ò sùn dáadáa mọ́. Mo kìlọ̀ fún Bùọ̀dá pé ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìràwọ̀ kì í jí èèyàn gbé.

Kò pẹ́ tó kírun màgáríbì tán ló gòkè, mo sì tẹ̀ lé e dé ẹnu ilẹ̀kùn dẹ́kìn. Ó ti tú nọ́ọ̀tì tó di ẹ̀rọ awò náà mú, ó ń fọwọ́ méjèèjì darí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tí iná tọ́ọ̀ṣì bò wá láti ìsàlẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò ni, tìbọntìbọn. Bàbá ló pè wọ́n, ó lóun rí ẹnu ìbọn tó kọjú sí fèrèsé òun.

Wọ́n ní kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Bó bá gbé e, awò àti irin wúwo ìdí rẹ̀ á já lé wọn lórí. Bí kò bá gbé e, wọ́n á yìnbọn fún un. Ó yíjú wò mí, ẹ̀rù sì wà lójú rẹ̀. Mi ò rí irú ẹ̀ rí láti kékeré wa, ìyẹn sì já mi láyà ju àwọn ìbọn yẹn lọ.

Mo fi orúnkún wọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo dì mọ́ ẹ̀rọ náà.

"Ẹ gbé ọwọ́ yín sókè, Bùọ̀dá. Mo ti dì í mú."

Ó gbé e. Mo di ojú, mo ń retí ìró ìbọn. Ohùn Bàbá Èṣùbíyì ni mo gbọ́ láti fèrèsé, ó ní kí wọ́n dúró ná, kí Wahab sọ ohun tó ń wò nílé òun.

"Ilé yín kọ́, Bàbá. Ìràwọ̀ kan ni, lókè òrùlé yín."

Gbogbo wọn yíjú wo ibẹ̀. Ọyẹ́ ti bò ó pátá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Olórí ẹ̀ṣọ́ wo Bàbá, ó ń dúró de ohun tó máa sọ. Bàbá ní kí wọ́n gbé ìbọn wọn sílẹ̀.

"Ìràwọ̀ yẹn, ṣé ó máa kúrò níbẹ̀?"

"Kì í kúrò, Bàbá."

"Èmi náà ò ní ibòmíràn tí mo lè kó lọ."

Ó pa fèrèsé dé. A sì ń gbọ́ bó ṣe ń wọ́ nǹkan wúwo wá tì í lẹ́yìn.