Àbúrò Tí Mo Rán Níṣẹ́ Láàfin

Òórùn káńfọ̀ ni mo fi máa ń rántí ọjọ́ náà, irú èyí tó máa ń wà lára agbádá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú àpótí. Ọmọ Oǹdó ni mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́ ìtàn ní Àkúrẹ́ nígbà náà, wọn ò tíì fìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀, mo sì rò pé mo ti mọ̀wé tán. Mo ní ìwé kan tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kan kọ láyé àtijọ́ nípa àwọn ìlú agbègbè wa. Bí mo ṣe gbà á gbọ́ tó, díẹ̀ ló kù kí n máa gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì dípò Bíbélì.

Ọ̀gá iléèwé wa, obìnrin ará Ọ̀wọ̀ kan tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, bá wa gbàyè láti kó àwọn ọmọ lọ sí ààfin ìlú kékeré kan lẹ́yìn Ọ̀bà-Ilé. Ọba ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wàjà ni, adelé ló máa gbà wá lálejò. Láàárọ̀, ọ̀gá kìlọ̀ fún mi: “Tìṣà, tí o bá dójú tì mí láàfin yẹn, Oǹdó lo ti máa jẹun alẹ́.” Mo rẹ́rìn-ín. Ní Oǹdó tiwa, bí ọba bá wàjà, ìjòyè àgbà ló ń di ìlú mú, nítorí náà irùngbọ̀n funfun ni mò ń wá lọ.

Nínú ọgbà ààfin, mo ṣí ìwé mi, mo kà á sókè fún àwọn ọmọ: ajẹ́lẹ̀ ní nígbà tí òun dé ìlú yìí, ọba ti kú, òun ò bá ẹnikẹ́ni lórí oyè, àfi ìgbà tí òun yan olórí fún wọn. Géndé kan tí kò nírùngbọ̀n dúró nítòsí, ó dé fìlà, ó wọ agbádá, ó ń gbọ́ mi. Mo yíjú sí i tẹ̀ríntẹ̀rín.

“Àbúrò, jọ̀wọ́, bá wa sọ fún Kábíyèsí pé àwọn ọmọ iléèwé ti dé.”

Olóyè arúgbó kan figbe ta: “Háà! Kábíyèsí lò ń rán níṣẹ́ yẹn!”

Ẹni tí mo pè ní àbúrò yẹn, ọmọbìnrin ọba tó wàjà ni. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọmọbìnrin ọba ló ń ṣe adelé, aṣọ ọkùnrin ló sì máa ń wọ̀ títí wọn ó fi fi ọba mìíràn jẹ. Ẹyin lohùn, tèmi sì ti fọ́ lójú gbogbo kíláàsì. Mo kúnlẹ̀ kíá. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo ti ń ro ibi tí n ó ti wọkọ̀ Oǹdó.

Ẹ̀rín ni Kábíyèsí fi dá mi lóhùn. “Dìde, tìṣà. Ta ló kọ ìwé yẹn?”

“Ajẹ́lẹ̀ ni, Kábíyèsí.”

Olóyè yẹn mi orí. “Ulú wa ò ṣófo rí. Ìyá bàbá mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ajẹ́lẹ̀ yẹn dé. Wọ́n mú un dé iwájú adelé ìgbà náà. Ó ní òun ò béèrè ọmọbìnrin, ọba lòun ń béèrè. Ló bá kọ ọ́ pé òun ò bá ẹnikẹ́ni.”

“Òun ti lọ,” Kábíyèsí wí. “Ìwọ ṣì wà níbí. Tún un kọ́ wọn.”

Mo tún un kọ́ wọn, olóyè ń tọ́ mi sọ́nà. Nígbà tí a ń lọ, Kábíyèsí fi odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ránṣẹ́ sí ọ̀gá, ó ní tìṣà rẹ̀ ń gbẹ̀kọ́. Ara tù mí débi pé mo ń dá rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀. Àkúrẹ́ náà ni mo ti jẹun alẹ́.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ìwé náà ṣì wà nílé mi ní Ijapo, l'Àkúrẹ́, mi ò sun ún. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àlejò ni ajẹ́lẹ̀, àlejò lèmi náà. Wọ́n sọ fún un, kò gbọ́. Wọ́n sọ fún mi, mo dúpẹ́ pé mo gbọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti ní òun ò bá ẹnikẹ́ni, mo fi bírò kọ ọ́ pé: “Ó bá a. Èmi náà bá a.”